Ẹni Kẹta Nínú Yàrá Aṣọ

"Ẹni mẹ́ta ń mí," ni Aṣọ́lé, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ yàrá náà, wí láti inú ihò kékeré tó wà lókè ilẹ̀kùn.

Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀ṣínlóyè gbójú kúrò lára wàláà ìkọ̀wé ọwọ́ rẹ̀. Ó wo ara rẹ̀, ó wo Fìjàbí, ó sì wo igun yàrá náà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí ẹni tó ń wá adìyẹ rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Àwọn méjì péré ló wà níbẹ̀: alábẹ̀wò tí Àjọ Ìpamọ́ rán wá, àti ìyàwó ilé tó ń tọ́jú afẹ́fẹ́. Aṣọ ni gbogbo ìyókù. Aṣọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àpótí gíláàsì tirẹ̀, gbogbo wọn nà gbalaja bí aláìsàn tí wọ́n ní kò gbọdọ̀ mira.

"Tún un kà," ni Ọ̀ṣínlóyè pàṣẹ.

"Ẹni mẹ́ta ń mí. Ẹni kìíní, ìgbà mẹ́rìndínlógún ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni kejì, ìgbà méjìlélógún. Ẹni kẹta, ìgbà mẹ́sàn-án."

Fìjàbí mọ̀ pé òun ni méjìlélógún. Láti àárọ̀ ni àyà rẹ̀ ti ń já, ìbojú tó fi bo imú àti ẹnu ò sì lè bá a fi ìyẹn pamọ́ fún ẹ̀rọ tó ń ka èémí. Ó mọ ẹni tó ń mí ní ìgbà mẹ́sàn-án náà pẹ̀lú. Nínú gbogbo ẹni tó ti wọ yàrá yìí láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí wọ́n ti gbé Aṣọ́lé wá, ẹnìkan ṣoṣo ló máa ń mí jẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀, bí ẹni tí kò níbi tó ń kánjú lọ. Ìyá ọkọ rẹ̀ ni, Ìyá Olúgbọ̀dì. Oṣù mẹ́ta rèé tí wọ́n ti sin ín.

"Ọjọ́ keje rèé tó ń kà á bẹ́ẹ̀, màmá," ni Ọ̀ṣínlóyè wí. Ohùn rẹ̀ ò le. Ọkùnrin náà ò tíì tó ogójì ọdún, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, súwẹ́tà ìjọba tó wọ̀ kò sì dé ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Nínú òtútù tí wọ́n ń tọ́jú fún aṣọ, egungun ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n. "Ẹ mọ ohun tí òfin wí nípa èémí tí kò ní olóhun."

"Mo mọ̀ ọ́n, ọ̀gá."

"Ó lè jẹ́ eku."

"Eku kì í mí ní ìgbà mẹ́sàn-án."

"Ó lè jẹ́ olè tó há sínú àjà."

"Ọjọ́ méje, láìmu omi? Olè yẹn á ti bẹ̀ wá pé ká wá mú òun."

Ọ̀ṣínlóyè fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Ẹ̀rín ń fa èémí, gbogbo èémí tí ènìyàn bá sì mí ní Akòdì Ọlọ́fì ni wọ́n ń gbà padà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgò kan wà nísàlẹ̀ ìbojú oníkálukú, kò ju àtàǹpàkò lọ. Ọ̀rinrin ẹnu rẹ ń kán sínú rẹ̀. Bí o bá ń jáde, wàá yọ ìgò náà, wàá kọ orúkọ rẹ sí i lára, wàá sì fi í sínú àká tó wà lẹ́yìn yàrá. Àwọn ará Ìdóyè, ìlú tí akòdì náà wà, ti mọ̀ ọ́n lára débi pé wọ́n ti ṣe ìkíni fún un. Bí ẹnìkan bá jáde láti yàrá aṣọ, wọ́n á ní, "Ẹ kú ìfisílẹ̀ o," òun náà á sì dáhùn pé, "Kò tán nínú wa o."

Ilé amọ̀ ni Akòdì Ọlọ́fì. Ògiri rẹ̀ nípọn ju ìgbọ̀nwọ́ méjì lọ, àwọn ahunṣọ ló sì kọ́ ọ kí ayé tó gbóná báyìí, nígbà tí ọ̀yẹ́ ṣì ń wá lọ́dọọdún, tí kòkòrò sányán ṣì ń ta òwú rẹ̀ sórí igi. Kòkòrò náà ti tán láyé. Ọ̀yẹ́ ti di ohun tí wọ́n ń sọ fún ọmọdé. Sányán méje tó wà nínú yàrá yìí ni wọ́n mọ̀ pé ó ṣẹ́ kù, ìdí nìyẹn tí ìjọba fi gbé ẹ̀rọ ńlá sínú ilé àwọn ẹlòmíràn, tí wọ́n sì ní kí àwọn onílé máa tọrọ ààyè kí wọ́n tó mí.

Wàhálà wọn ni pé ohun tí aṣọ ń fẹ́ kọ́ ni ilé ń fẹ́. Aṣọ ń fẹ́ gbígbẹ, kó má baà bu. Ògiri amọ̀ ń fẹ́ omi díẹ̀díẹ̀, kó má baà là. Nígbà tí àwọn tó gbé Aṣọ́lé wá kọ́kọ́ tan án, wọ́n fa ọ̀rinrin yàrá sílẹ̀ sí ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́ fúnra wọn. Lọ́dún kejì, ògiri apá ìwọ̀ oòrùn la ẹnu. Ọwọ́ ènìyàn wọ inú rẹ̀ dé ìgunpá. Wọ́n wá dúró síwájú rẹ̀, gbogbo wọn pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí wọn, wọn ò mọ ohun tí wọn yóò ṣe.

Ìyá Olúgbọ̀dì ló bá wọn sọ ọ́. "Ẹ gbé ẹ̀rọ wá, ẹ ò bi ilé léèrè," ló wí. "Àwọn ìyàwó ilé ló máa ń fi omi èèpo igbá pa ògiri yìí lọ́dọọdún. Ènìyàn mẹ́wàá ló ń sùn nínú yàrá yìí. Inú èémí wọn ni ògiri ti ń mu. Ẹ ti lé gbogbo wọn jáde, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́." Láti ìgbà náà ni wọ́n ti gbé ọ̀rinrin sókè sí márùndínláàádọ́ta, tí wọ́n sì ń fi ìgò èémí inú àká rin ògiri láti inú àwọn ihò tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n lu sára rẹ̀. Ìyá náà ò gbọ́kàn lé wọn síbẹ̀. Lójoojúmọ́, bí oòrùn bá ti mú, á wọlé, á jókòó sórí àpótí kékeré, á fẹ̀yìn ti ògiri títí di ọ̀sán. Ọdún mẹ́rìnlélógún. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti fi àmì dúdú sílẹ̀ lára amọ̀ náà.

Ibi àmì náà ni Fìjàbí ń sá fún báyìí, tí kò fẹ́ wò. Ṣùgbọ́n Ọ̀ṣínlóyè ti rí i. Ó sún mọ́ ọn, ó bẹ̀rẹ̀.

"Màmá, ẹ wá wo nǹkan."

Àmì ẹ̀yìn náà ń làágùn. Ọ̀rinrin á yọ wínníwínní lára amọ̀, á tàn dé èjìká, á sì gbẹ. Lẹ́yìn náà á tún yọ. Ọ̀ṣínlóyè wo aago rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko, ètè rẹ̀ ń mì bó ti ń kà á. Nígbà tó nàró, ojú rẹ̀ ti yàtọ̀.

"Mẹ́sàn-án," ló wí. "Níbo lọ̀nà àká?"

Fìjàbí ti mọ̀ láti ọjọ́ kìíní pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí máa já sí, síbẹ̀ ó ti ń tan ara rẹ̀ pé bóyá ó máa dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

Àká náà tóóró, ó sì ṣókùnkùn díẹ̀. Pẹpẹ ni láti ilẹ̀ dé àjà, ìgò kéékèèké tò lé wọn lórí, páìpù rọ́bà kan sì so mọ́ orí ìgò kọ̀ọ̀kan. Tó, ni ìdérí ìgò kan dún lókè. Wọ́n dúró. Tó. Òmíràn ṣí, ó sì padé. Kò sí ọwọ́ tó kàn án.

Ọ̀ṣínlóyè tan iná ọwọ́ rẹ̀ sí pẹpẹ òkè, ó ń ka orúkọ. "Fìjàbí. Fìjàbí. Fìjàbí." Ó sún iná lọ sápá ọ̀tún, ó sún un lọ sápá òsì. "Fìjàbí náà ni títí dé ògiri? Màmá, ẹ̀yin nìkan lẹ mí gbogbo èyí?"

"Mo máa ń sọ̀rọ̀ púpọ̀, ọ̀gá."

Kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Ó na ọwọ́ gígùn rẹ̀ sókè, ó mú ọ̀kan, ó fi èékánná họ ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Ìwé mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀, ó ti pọ́n. Ó fi ẹnu ìgò náà sí ihò tí wàláà rẹ̀ fi ń mọ èémí.

"Olúgbọ̀dì," ni wàláà náà wí.

Fìjàbí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́ láti máa dúró.

Ohun tó ṣe ò ṣòro láti yé ènìyàn. Òfin ní kí wọ́n da èémí òkú nù sórí ilẹ̀ lọ́jọ́ ìsìnkú, kò gbọdọ̀ ṣẹ́ ku ìgò kan. Òfin kan náà ló ní kí wọ́n má sin ẹnikẹ́ni sínú ilé mọ́, torí pé òkú ń sọ ilẹ̀ di tútù, ilẹ̀ tútù sì ń ba aṣọ jẹ́. Gbogbo àwọn ìyá tó ti lọ ṣáájú ló wà lábẹ́ ilẹ̀ yàrá wọn nínú akòdì yìí, oníkálukú pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Ìyá Olúgbọ̀dì nìkan ni wọ́n gbé lọ sí itẹ́ òkú ìjọba lẹ́yìn odi, sáàárín àwọn tí kò mọ̀ rí, tí wọ́n sì fún un ní nọ́ńbà. Nígbà tí Fìjàbí dé láti ibẹ̀, ó gbé garawa wọ àká láti lọ da àwọn ìgò náà nù. Ó mú ti àkọ́kọ́ dání. Ọwọ́ rẹ̀ kọ̀. Ó lọ mú gọ́ọ̀mù àti bébà wá, ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ bo orúkọ ìyá náà, ìgò kan tẹ̀ lé òmíràn, fún ọjọ́ mẹ́rin. Lójú tirẹ̀, ó ti sin ín sílé nìyẹn.

"Mo fẹ́ kó wà nílé ni," ló wí. "Mi ò sọ fún ẹ̀rọ pé kó dà á jáde. Mi ò kọ́ ọ."

Ọ̀ṣínlóyè gbójú sókè. "Aṣọ́lé, ta ni ẹni kẹta?"

"Ẹni tó ń jókòó síbẹ̀," ni ohùn náà dáhùn.

"Ẹni yẹn ti kú."

"Mi ò ka kíkú. Ó ń mí."

"Ìwọ lò ń da èémí rẹ̀ síbẹ̀. Ta ló rán ọ?"

Ìdérí méjì dún kí ẹ̀rọ náà tó fèsì. "Ògiri ló bèèrè."

Ọ̀ṣínlóyè sún sẹ́yìn títí tí èjìká rẹ̀ fi kan férémù ilẹ̀kùn. Ẹni tó ti yẹ ẹ̀rọ bí ọgọ́rùn-ún wò ni, kò sì sí èyí tó tíì dá a lóhùn báyẹn.

"Ìyá tèmi kú lọ́dún tó kọjá," ló wí, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Ìgò mẹ́rìnlá ló fi sílẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo dà á nù, torí pé èmi ni alábẹ̀wò, gbogbo ènìyàn ń wò mí." Ó dá ìgò ọwọ́ rẹ̀ padà sí àyè rẹ̀, ó fara balẹ̀ so páìpù mọ́ ọn. "Màmá, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, kẹ́ ẹ sì sọ èyí tí ẹ fẹ́ kí n kọ. Bí mo bá kọ òtítọ́, wọ́n á da gbogbo pẹpẹ yìí nù, wọ́n á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín, wọ́n á sì dá ẹ̀rọ padà sí bó ṣe wà lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e dé, fún ọdún kan, kí wọ́n fi yẹ̀ ẹ́ wò."

"Ọgbọ̀n."

"Ọgbọ̀n ni."

"Ògiri ò ní parí ọdún náà."

"Mo mọ̀. Bí mo bá sì kọ ọ́ pé èémí yìí ò ní olóhun, wọ́n á fi afẹ́fẹ́ òkú kún yàrá aṣọ lọ́la. Ẹ ti rí i rí?"

Ó ti rí i. Wọ́n ṣe é fún ilé kan ní Òkè-Ìwọ́. Wọ́n fa gbogbo afẹ́fẹ́ gidi jáde, wọ́n sì fi èyí tí nǹkan kan ò lè mí nínú rẹ̀ rọ́pò. Wọ́n fi irin dí ilẹ̀kùn. Ohun tó wà nínú rẹ̀ á pé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún láìyí padà, ènìyàn kankan ò sì ní fojú kàn án mọ́. Àwọn ọmọ ilé náà ṣì máa ń lọ dúró níwájú irin yẹn lọ́jọ́ ọdún, wọ́n á gbé ọwọ́ lé e, wọ́n á sì padà sílé.

"Kò sí ọ̀nà kẹta?" ni Fìjàbí bèèrè.

Ọ̀ṣínlóyè gbójú kúrò lára rẹ̀, Fìjàbí sì mọ̀ látinú ìyẹn pé ó wà.

"Ó wà nínú ìwé," ló wí níkẹyìn. "Kò sẹ́ni tó ń lò ó. Ilé tí alààyè bá ń sùn tó ń jí nínú rẹ̀ kì í ṣe ilé ìpamọ́. Ilé lásán ni, Àjọ ò ní agbára lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n á gbé ẹ̀rọ wọn lọ. Ẹ̀yin àti ooru lẹ jọ máa kù síbẹ̀. Olùgbé ò sì gbọdọ̀ sùn síta ní òru kan ṣoṣo. Lọ́jọ́ tó bá sùn síta, ilé ti di ahoro nìyẹn, wọ́n á sì padà wá gbà á."

"Òru kan ṣoṣo."

"Kan ṣoṣo, màmá."

Ìwé ọkọ̀ Fìjàbí ti wà nínú àpamọ́wọ́ rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì: Ọjọ́bọ̀, sí Jọ́ọ̀sì, níbi tí atẹ́gùn ṣì tutù díẹ̀. Abíọ́nà ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú oyún oṣù mẹ́jọ, ọmọ àkọ́kọ́. Òun ló yẹ kó wẹ ọmọ náà. Ó ti ra kànìnkànìn, ó ti ra òrí, ó ti ń lá àlá ẹsẹ̀ kékeré tó ń tàpá nínú omi. Bí ó bá di olùgbé, ẹlòmíràn ni yóò wẹ ọmọ Abíọ́nà. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọnú egungun, omijé sì bọ́ sínú ìbojú rẹ̀, ó ń kán lọ sínú ìgò pẹ̀lú ìyókù.

Ó ronú nípa sányán méje tó wà lẹ́yìn irin nínú òkùnkùn, tí wọ́n á máa lẹ́wà láìsí ojú tó ń wò wọ́n. Ó ronú nípa ògiri tó mọ ẹ̀yìn ẹnìkan débi tó fi ń bèèrè rẹ̀. Bí òun ò bá lè lọ bá Abíọ́nà, Abíọ́nà lè gbé ọmọ wá síbí lọ́jọ́ kan. Kò lè gbé e wá bá irin.

"Ẹ kọ ọ́ pé mò ń gbé ibí," ló wí.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìsinsìnyí."

"Wọ́n á bi mí nípa àwọn aṣọ náà. Aṣọ tó bá wà nínú gíláàsì, ohun ìpamọ́ ni, wọ́n á kó o lọ pẹ̀lú ẹ̀rọ. Èyí tí onílé ń wọ̀ ni wọn ò lè fọwọ́ kàn. Ojú mi gbọ́dọ̀ rí i pé ẹ̀ ń wọ̀ wọ́n; bí ẹ bá wọ ọ̀kan níṣojú mi, ó tó fún gbogbo wọn. Màmá, bí wọ́n bá ń wọ̀ ọ́, aṣọ yẹn ò ní pé ogójì ọdún."

"Èmi náà ò ní pé ogójì ọdún," ni Fìjàbí fèsì. Ó dìde, ó gbọn ìdí rẹ̀ nù. "Ẹ pa ẹ̀rọ náà."

Wọ́n padà sínú yàrá aṣọ. Ọ̀ṣínlóyè fi kọ́kọ́rọ́ àjọ sínú ihò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó dúró díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ tọrọ àforíjì, ó sì yí i.

"Ẹni mẹ́ta," ni Aṣọ́lé wí, ọ̀rọ̀ náà sì já sí méjì lẹ́nu rẹ̀.

Fìjàbí ò mọ̀ pé ẹ̀rọ náà ń pariwo tó bẹ́ẹ̀ àfìgbà tó dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ náà kún inú etí rẹ̀. Lẹ́nu àká, àwọn ìdérí ìgò dún lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo wọn, bí òjò tó bẹ̀rẹ̀ tó sì dá. Nǹkan kan kọjá lára àwọn méjèèjì lọ sára ògiri. Ó tutù, ó sì ní òórùn obì àti ọṣẹ dúdú. Ọ̀ṣínlóyè di ọrùn súwẹ́tà rẹ̀ mú. Kò sọ pé òun gbóòórùn nǹkan kan, Fìjàbí náà ò sì bi í.

Ó bọ́ ìbojú rẹ̀. Ó mí síta, kò sì sẹ́ni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú tì í díẹ̀, bí ẹni tó bọ́ra láàárín ọjà.

Àpótí gíláàsì tó wà láàárín ni ó lọ bá. Sányán tó pẹ́ jù wà nínú rẹ̀, ó pọ́n bí ẹ̀kọ àgbàdo tó ti di ọjọ́ kejì. Kò sẹ́ni tó tíì fọwọ́ kàn án láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Kódà Ìyá Olúgbọ̀dì ò fọwọ́ kàn án, jíjókòó ló máa ń jókòó kó máa wò ó. Ọ̀ṣínlóyè bá a gbé ìdérí. Gíláàsì náà tutù débi pé ó fẹ́ẹ̀ lẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́.

"Ẹ rọra," ni alábẹ̀wò náà sọ lábẹ́nu. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra."

Fìjàbí fi apá méjèèjì gbé aṣọ náà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má wúwo rárá. Ó tú u, ó gbé e sẹ́yìn ara rẹ̀, ó fà á wá síwájú, ó ró o mọ́ ìdí lórí búlọ́ọ̀sì àti ìró iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀ṣínlóyè ń kọ̀wé, ó ti yíjú sápá kan fún ọ̀wọ̀.

"Mo ti rí i," ló wí. "Mo kọ ọ́ pé ẹ̀ ń wọ̀ ọ́. Ṣé kò tutù jù lára yín?"

Ọwọ́ Fìjàbí dúró níbi tó ti fẹ́ ki etí aṣọ náà bọ ìbàdí. Ó gbóná. Láti ìdí títí dé orúnkún ló gbóná, bí aṣọ tí ẹlòmíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ tú nídìí ara rẹ̀ tó sì nà sí i. Ó kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ yàrá náà, gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ṣe máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá ọkọ rẹ̀, ó sì ki etí aṣọ náà bọ̀ ọ́ dáadáa.